Bí Kọ̀ǹpútà Ilé Bá Ń Kú Lójijì: Ẹ Má Tíì Bá Ọmọ Wí, Ẹ Má Tíì Ra Tuntun

Nínú ọ̀pọ̀ ilé lónìí, kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni gbogbo ẹbí jọ ń pín lò. Bàbá fi ń ṣe ìṣirò ọjà rẹ̀, ìyá fi ń tẹ ìwé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, ẹ̀gbọ́n tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìsìnrú ìlú fi ń wáṣẹ́, àbúrò sì fi ń ṣe iṣẹ́ ilé-ìwé. Ọjọ́ tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í kú lójijì, ọ̀ràn náà kọjá ti irin àti wáyà. Iṣẹ́ ń sọnù, owó ń jáde, ẹjọ́ sì ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó jókòó sídìí rẹ̀ kẹ́yìn ni gbogbo ojú máa ń yí sí, ẹni yẹn ló sì sábà máa ń jẹ́ ọmọ tó kéré jù nínú ilé. "Ìwọ lo fi géèmù bà á jẹ́!" Ẹjọ́ ti parí nìyẹn, láìsí ẹlẹ́rìí, láìsí ìwádìí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí ni ẹbí sì máa ń pè nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dójú ẹ̀. Nítorí pé ẹ kàwé, nítorí pé ẹ mọ bí a ti ń lo fóònù, wọ́n ti fi yín jẹ oyè oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà láìsanwó. Kí oyè náà má baà di ẹ̀tẹ́, mo fẹ́ kí a jọ wo bí a ṣe ń wá ìdí àìsàn yìí ní ìtòtẹ̀lé, láti orí ohun tí kò náni ní kọ́bọ̀ dé orí èyí tó ń náni lówó. Àwọn àgbà ní, ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í ń nini lára.

Ẹ kọ́kọ́ gba iṣẹ́ yín sílẹ̀

Kí a tó yẹ ohunkóhun wò, ẹ tan ẹ̀rọ náà, kí ẹ sì kó ohun tó ṣe iyebíye kúrò nínú rẹ̀: àwòrán ìgbéyàwó, ìwé àṣekágbá ti yunifásítì, àkọsílẹ̀ owó, ohùn àwọn òbí tó ti dolóògbé. Bí kọ̀ǹpútà bá kú nígbà tó ń kọ fáìlì kan sílẹ̀ lọ́wọ́, fáìlì náà lè bàjẹ́. Bí irú rẹ̀ bá sì ń ṣẹlẹ̀ léraléra, háàdì dísìkì gan-an lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàárẹ̀. Àìsàn là á wò, a kì í wo ikú. Kọ̀ǹpútà tó ń kú tó ń jí ṣì wà nípò aláìsàn, ṣùgbọ́n àwòrán tó ti bá a lọ kò ní olùtọ́jú mọ́.

Ìlànà tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ń tẹ̀ lé rọrùn láti rántí: ẹ̀dà mẹ́ta, lórí ohun ìpamọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ọ̀kan wà níta ilé. Ọ̀kan lè wà nínú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, èkejì lórí fíláàṣì, ẹ̀kẹta lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Google ń fún oníkálukú ní àyè gígàbáìtì 15 lọ́fẹ̀ẹ́, àyè yìí sì tó fún ìwé rẹpẹtẹ.

Títí ẹ ó fi rí ìdí ọ̀rọ̀, ẹni tó bá ń kọ nǹkan gbọ́dọ̀ máa tẹ Ctrl àti S papọ̀ lẹ́yìn gbolóhùn méjì-mẹ́ta. Microsoft Word máa ń tọ́jú ẹ̀dà pàjáwìrì fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú 10 ni wọ́n ṣètò rẹ̀ sí. Ẹ lè dín in kù sí ìṣẹ́jú 1 nínú ètò rẹ̀. Ìyàtọ̀ kékeré kọ́ ló wà láàárín kí èèyàn tún gbolóhùn kan kọ àti kí ó tún ojú ìwé méjì kọ.

Irú ikú wo ló kú?

Gbogbo ikú kọ́ ló rí bákan náà, ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti ń ṣìnà nìyí. Wọn á ní "ó kú", wọn kò ní sọ bó ṣe kú. Ọ̀nà mẹ́ta ni kọ̀ǹpútà sábà máa ń gbà kú.

Èkíní ni ikú àtùpà. Ẹ ń ṣiṣẹ́ lọ, lójijì ni gbogbo rẹ̀ dúdú, láìsí ọ̀rọ̀ kankan lójú rẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn fẹ́ àtùpà pa. Iná tàbí ooru ló sábà máa ń fa irú èyí.

Èkejì ni ikú ojú búlúù. Ojú kọ̀ǹpútà á yí padà, á kọ ọ̀rọ̀ àforíjì àti nọ́ńbà kan, lẹ́yìn náà á tún ara rẹ̀ tàn. Èyí máa ń tọ́ka sí RAM, sí háàdì dísìkì, tàbí sí ètò kan tí a fi sínú rẹ̀ tí kò bá a lára mu. Nígbà mìíràn ó máa ń yára kọjá débi pé ènìyàn kò ní rí i kà. Ẹ lè wọ inú ètò Windows, níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ nípa Startup and Recovery, kí ẹ sì yọ àmì tó wà níwájú Automatically restart. Nígbà náà, ọ̀rọ̀ náà á dúró jẹ́ẹ́ títí ẹ ó fi fi fóònù yà á.

Ẹ̀kẹta ni ikú oníwà pẹ̀lẹ́. Á sọ fún yín pé òun ń palẹ̀ mọ́, á pa gbogbo ohun tó ṣí dé, á wá kú. Ẹ̀rọ tó ń ṣe báyìí kò ṣàìsàn rárá, àṣẹ ló ń tẹ̀ lé. Ó lè jẹ́ pé Windows ń fi àtúnṣe tuntun sínú ara rẹ̀, ó lè jẹ́ pé bátìrì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ó sì lè jẹ́ pé ẹnìkan ti ṣètò pé kí ó máa sùn lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀. Inú ètò ni a ti ń wo irú èyí sàn.

Ẹ mú ìwé kékeré kan, kí ẹ sì máa kọ nǹkan mẹ́rin sílẹ̀ nígbàkigbà tó bá kú: aago mélòó ni, ó tó ìṣẹ́jú mélòó tí ẹ ti tàn án, kí ni ẹ ń fi ṣe, báwo ló sì ṣe padà jí. Ní ọjọ́ mẹ́ta, ìwé yẹn á ti máa sọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ pé lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú géèmù ló máa ń kú, tí kò sì ní í tàn títí ara rẹ̀ á fi tutù, ooru ni. Bó bá jẹ́ pé nígbà tí iná ilé bá ṣẹ́jú ló máa ń kú, ẹ ti mọ ibi tí ẹ ó yà sí.

Bó bá jẹ́ pé ìlú mìíràn ni ẹ wà, tí Màmá sì pè yín láti ilé, ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í pàṣẹ lórí fóònù. Ẹ fi sùúrù bi wọ́n léèrè: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ó kọ nǹkan kan sójú kí ó tó kú? Ṣé fáànù inú rẹ̀ ń pariwo? Nígbà tó kú yẹn, ṣé gílóòbù inú yàrá náà ṣẹ́jú? Ẹ bá mi fọwọ́ kan ìdí rẹ̀ díẹ̀ mà, ṣé ó gbóná?" Ìbéèrè mẹ́rin yìí lè fi ẹgbẹ̀rún náírà owó ọkọ̀ pa mọ́ fún yín.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ara ògiri

Ohun tí kò náni lówó ni a kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò. Bó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà orí tábìlì ni, ẹ ti orí okùn iná tó wọ ẹ̀yìn àpótí rẹ̀ wọlé dáadáa, nítorí ó máa ń tú díẹ̀díẹ̀ bí a bá ń ti tábìlì síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ẹ fi okùn mìíràn dán an wò. Ẹ yọ ọ́ kúrò lára ẹ̀sìtẹ́ńṣọ̀n, kí ẹ kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri tààrà, ní yàrá mìíràn bó bá ṣeé ṣe. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń ta pàrà, tó dúdú lẹ́nu, tàbí tó ń gbóná, kì í ṣe ibi tí a ń ki ohunkóhun bọ̀ mọ́. Oníṣẹ́ iná ni kí ẹ pè, nítorí ewu iná tó lè jó ilé ti wọ ọ̀rọ̀ náà.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ wo ohun tí kọ̀ǹpútà ń bá pín iná. Fọ́ltéèjì 230 ni ó yẹ kí ó máa wọ ilé wa ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń gbé ibi tí hááfù-kọ́rẹ́ǹtì ti ń bẹ wọ́n wò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́. Bí fíríìjì bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tàbí tí wọ́n bá tan ẹ̀rọ tó ń fa omi, iná máa ń sọ̀ kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Gílóòbù á ṣẹ́jú, ojú wa á sì fojú fò ó. Kọ̀ǹpútà kò lè fojú fò ó. Agbára tí àpótí iná inú rẹ̀ lè dì mú nígbà tí iná bá já kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìdá kan nínú 50 ìṣẹ́jú àáyá lọ. Nítorí náà, kọ̀ǹpútà, fíríìjì àti áyọ́ọ̀nù kò gbọdọ̀ jọ máa gbé orí ẹ̀sìtẹ́ńṣọ̀n kan.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń da sítébíláísà pọ̀ mọ́ UPS. Sítébíláísà ń tún iná tó lọ sókè tàbí tó wálẹ̀ ṣe, ṣùgbọ́n kò tọ́jú iná kankan pa mọ́. Bí iná bá lọ, òun náà ti lọ. UPS ní bátìrì nínú, òun ló ń fún yín láàyè láti fi iṣẹ́ pa mọ́ kí ẹ sì pa ẹ̀rọ dé. Bátìrì inú rẹ̀ sábà máa ń lo bí ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, ooru sì máa ń gé ẹ̀mí rẹ̀ kúrú. Bí ẹ bá ti fi gbogbo iṣẹ́ pa mọ́, ẹ yọ okùn UPS kúrò lára ògiri nígbà tí kọ̀ǹpútà ń ṣiṣẹ́. Bí kọ̀ǹpútà bá kú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ jẹ́ kí a gbà pé bátìrì UPS ti kú tipẹ́, ariwo rẹ̀ nìkan ló kù.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ínfátà, ẹ wo ara rẹ̀ bóyá bọ́tìnnì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ UPS sí. Púpọ̀ nínú ínfátà ilé ní ètò méjì, èyí tó yára yí láti orí iná ìjọba sí orí bátìrì, àti èyí tó lọ́ra. Bó bá wà lórí èyí tó lọ́ra, gílóòbù kò ní í bìkítà, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà orí tábìlì lè kú kí iná tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti sọ pé ó bàjẹ́ nígbà tó jẹ́ pé bọ́tìnnì yìí nìkan ni a kò tẹ̀. Bákan náà ni jẹnẹrétọ̀ kékeré tí ará ìlú ń pè ní "I better pass my neighbour": ó dára fún gílóòbù àti fáànù, ṣùgbọ́n iná rẹ̀ kì í dúró lójú kan. Ó yẹ kí nǹkan kan wà láàárín òun àti kọ̀ǹpútà.

Ìkìlọ̀ kan fún ẹni tó bá ra kọ̀ǹpútà orí tábìlì tó jẹ́ tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà: iná ilé wọn lọ́hùn-ún jẹ́ fọ́ltéèjì 120. Àwọn àpótí iná àtijọ́ kan ní bọ́tìnnì pupa lẹ́yìn, tí wọ́n kọ 115 àti 230 sí. Bó bá wà lórí 115, tí ẹ kì í bọ iná tiwa, ariwo kan ṣoṣo ni ẹ ó gbọ́. Ẹ yí i sí 230 kí ẹ tó ki okùn bọ iná rárá.

Ti kọ̀ǹpútà alágbèéká: bátìrì àti ṣájà

Láàpútọ́ọ̀pù ní bátìrì tirẹ̀, nítorí náà iná tó ṣẹ́jú kò yẹ kí ó pa á. Bó bá ń kú nígbà tí iná ṣẹ́jú, bátìrì ti sọ fún yín pé òun kò sí lẹ́nu iṣẹ́ mọ́. Ẹ dán an wò báyìí: ẹ lò ó lórí bátìrì nìkan fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ sì lò ó lórí ṣájà. Bó bá jẹ́ pé orí bátìrì nìkan ló ti ń kú, bátìrì ni. Bó bá jẹ́ pé orí ṣájà ló ti ń ṣe ségesège, ẹ wo ṣájà náà àti ihò tó ń wọ̀. Àmì mìíràn ni kí ó máa kọ pé bátìrì ku ìdá 30 nínú 100, kí ó sì kú lójú ẹsẹ̀.

Windows lè fún yín ní ìwé ẹ̀rí. Ẹ ṣí Command Prompt, kí ẹ tẹ powercfg /batteryreport, á sì kọ ibi tó fi ìròyìn náà pamọ́ sí. Nínú ìròyìn yẹn, ẹ wá nọ́ńbà méjì: ìwọ̀n agbára tí wọ́n ṣe bátìrì fún, àti ìwọ̀n tó lè gbà báyìí. Bó bá jẹ́ pé 48,000 ni wọ́n ṣe é fún, tí ó sì jẹ́ 19,000 ló ń gbà lónìí, bí ìdá 40 nínú 100 agbára rẹ̀ ló kù. Arúgbó ni irú bátìrì bẹ́ẹ̀, kò sí àdúrà tó lè sọ ọ́ di ọ̀dọ́.

Ẹ tún wo ara ẹ̀rọ náà. Bí kíbọ́ọ̀dù bá ń wú sókè láàárín, tí ibi tí a ń fi ìka fà kò ṣeé tẹ̀ mọ́, tí ìdí kọ̀ǹpútà kò sì jókòó dọ́gba lórí tábìlì mọ́, bátìrì ti wú nìyẹn. Ẹ pa ẹ̀rọ náà, ẹ yọ ṣájà, ẹ má ṣe gún bátìrì náà, ẹ má sì tẹ̀ ẹ́ pa dà. Ó lè gbiná. Ẹ gbé e kúrò níbi tí ọmọdé ti ń ṣeré, kí ẹ gbé e lọ bá oníṣẹ́ tó mọ bí a ti ń yọ ọ́.

Ní ti ṣájà, ẹnu tó bá ihò mu kò túmọ̀ sí pé agbára bára mu. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ìdí kọ̀ǹpútà àti èyí tí wọ́n kọ sára ṣájà. Fọ́ltéèjì gbọ́dọ̀ bára mu, áńpì ṣájà kò sì gbọdọ̀ kéré sí ti kọ̀ǹpútà. Ṣájà tó jẹ́ fọ́ltéèjì 19.5 àti áńpì 3.34 ń fúnni ní wáàtì 65. Bí ẹ bá fi èyí tó jẹ́ wáàtì 45 rọ́pò rẹ̀, ó lè gbé e títí ẹ ó fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ńlá, kí ó wá já yín kulẹ̀.

Ooru àti eruku, ọ̀tá inú ilé

Ọpọlọ kọ̀ǹpútà máa ń gbóná bó bá ń ṣiṣẹ́; fáànù àti irin tó wà lórí rẹ̀ ló ń gbé ooru náà jáde. Bí ooru bá ń pọ̀ jù, ẹ̀rọ á kọ́kọ́ dín ìyára rẹ̀ kù. Bó bá sún mọ́ nǹkan bíi dígírì 100 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lṣíọ́ọ̀sì, ọ̀pọ̀ á pa ara wọn kí wọ́n má baà jóná. Ikú yìí jẹ́ ààbò. Nítorí náà, ẹ má ṣe máa fi agbára tàn án padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ohun tó ń sá fún ni ẹ ń tì í padà sínú rẹ̀.

Orí bẹ́ẹ̀dì àti ìrọ̀rí kì í ṣe ibùjókòó láàpútọ́ọ̀pù. Aṣọ máa ń dí ihò tó fi ń mí, irun àti òwú á sì wọ inú fáànù. Ìgbà ọyẹ́ tún máa ń mú eruku tirẹ̀ wá, tí kò sí fèrèsé tó lè dá a dúró pátápátá. Lẹ́yìn ọdún méjì-mẹ́ta tí a kò nu inú rẹ̀, eruku á ti di bí ẹní tí wọ́n tẹ́ sẹ́nu ihò náà.

Ètò ọ̀fẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní HWMonitor, tó ń fi ìwọ̀n ooru hàn. Ẹ ṣí i sílẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń lo ẹ̀rọ. Bí ooru bá ń gùn ún lọ sí 90, sí 95, tí kọ̀ǹpútà wá kú, ẹ ti rí ọ̀daràn.

Láti nu ún, ẹ pa á, ẹ yọ okùn iná, kí ẹ sì fọwọ́ kan irin ara àpótí kí iná ara yín má baà ta bá a. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tàbí agolo afẹ́fẹ́ lé eruku jáde, kí ẹ fi ìka di fáànù mú kí ó má baà yí ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ, nítorí itọ́ lómi nínú. Bí ẹ bá ti nu ún tí ooru kò sì dínkù, lẹ́ẹ̀ tó wà láàárín ọpọlọ kọ̀ǹpútà àti irin tó ń tù ú lára lè ti gbẹ. Thermal paste ni wọ́n ń pè é. Ó kéré lówó, ṣùgbọ́n ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá dá a lójú, kí ó jẹ́ kí oníṣẹ́ bá òun pààrọ̀ rẹ̀.

Ibí yìí ni ẹjọ́ ọmọ yẹn ti yẹ kí ó padà sí kóòtù. Géèmù kì í pa kọ̀ǹpútà tí ara rẹ̀ dá. Ó ń mú kí ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ kára, iṣẹ́ kára ń mú ooru wá, ooru náà ló sì ń tú àṣírí eruku tí gbogbo ilé kò nù láti ìgbà pípẹ́. Ọmọ náà kàn wà níbẹ̀ nígbà tí àṣírí tú ni.

Inú àpótí

Bí iná ilé bá dára, tí ooru kò sì pọ̀, ó ku ohun tó wà nínú. Fún kọ̀ǹpútà orí tábìlì, ẹ kọ́kọ́ wo bọ́tìnnì tí a fi ń tàn án. Bó bá há, ó dà bí ẹni pé ẹnìkan ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kọ̀ǹpútà á sì pa ara rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá bíi mẹ́rin. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ RAM, ẹ fi aṣọ gbígbẹ rírọ̀ nu ẹnu rẹ̀, kí ẹ tì í padà títí yóò fi dún. Bó bá jẹ́ méjì, ẹ máa lo ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹ lè mọ èyí tó ń dàlú rú. Windows náà ní ètò tó ń yẹ RAM wò: ẹ tẹ mdsched.exe síbi tí ẹ ti ń wá nǹkan, kí ẹ sì jẹ́ kí ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ títí dé òpin.

Àpótí irin tí okùn iná ń wọ̀ lẹ́yìn, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní páwápáàkì, máa ń darúgbó pẹ̀lú. Àmì rẹ̀ ni òórùn jíjóná, fáànù rẹ̀ tí kò yí mọ́, tàbí kí ẹ̀rọ máa kú nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara rẹ̀ tutù. Ẹ yá ti ọ̀rẹ́ tí agbára rẹ̀ bá tiyín mu, kí ẹ fi dán an wò. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe tú páwápáàkì gan-an rárá. Àwọn nǹkan kan wà nínú rẹ̀ tó ń tọ́jú iná pamọ́ lẹ́yìn tí a ti yọ okùn, iná náà sì lè gbé ènìyàn. A kì í tún un ṣe nílé, pípààrọ̀ ni a ń pààrọ̀ rẹ̀.

Ṣé kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì?

Ìbéèrè yìí kì í pẹ́ kí ó tó jáde, ó sì ní ìtàn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2003, kòkòrò orí íntánẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n ń pè ní Blaster wọ inú àwọn kọ̀ǹpútà tó ń lo Windows XP àti Windows 2000. Ó máa ń mú kí àpótí kékeré kan jáde, tí yóò máa ka ìṣẹ́jú àáyá 60 sẹ́yìn, kí kọ̀ǹpútà tó pa ara rẹ̀ dé. Àwọn tó rí i nígbà náà kò gbàgbé, wọ́n sì ti fi ìgbàgbọ́ náà sílẹ̀ fún àwọn ọmọ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé Blaster sọ̀rọ̀ kí ó tó pa ẹ̀rọ. Ikú àtùpà tí kò sọ nǹkan kan kì í sábà jẹ́ iṣẹ́ fáírọ́ọ̀sì, àfi bó bá jẹ́ irú èyí tó ń fi ọpọlọ kọ̀ǹpútà ṣe iṣẹ́ ní ìkọ̀kọ̀ títí ooru fi pọ̀.

Windows fúnra rẹ̀ ń kọ ìwé ìtàn. Ẹ ṣí Event Viewer, ẹ lọ sí Windows Logs, kí ẹ ṣí System, kí ẹ wá àkókò tí ẹ kọ sínú ìwé yín. Bí ẹ bá rí Kernel-Power pẹ̀lú nọ́ńbà 41, ẹ má bẹ̀rù, ẹ má sì rò pé ẹ ti rí ìdáhùn. Ohun tó ń sọ kò ju pé ẹ̀rọ náà kú láìpalẹ̀ mọ́. Ẹ wo inú àlàyé rẹ̀ níbi tí wọ́n kọ BugcheckCode sí. Bó bá jẹ́ 0, Windows kò rí àyè kọ ẹ̀sùn kankan kí ikú tó dé, ẹ̀rí sì tún fì sọ́dọ̀ iná àti ooru. Bó bá jẹ́ nọ́ńbà mìíràn, ikú ojú búlúù ni, nọ́ńbà náà sì ni ẹ ó fi wá ìdí rẹ̀. Bí ẹ bá rí 1074, ènìyàn kan tàbí ètò kan ló pàṣẹ pé kí ó kú, orúkọ rẹ̀ á sì wà níbẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́

Yálà Computer Village ní Ìkẹjà ni ẹ ń lọ ni o, tàbí ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ àdúgbò, ẹ mú ìwé yín dání. Oníṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ á bi yín ní ohun tó wà nínú rẹ̀. Èyí tí kò bá bi yín ní nǹkan kan, tó kàn ní kí ẹ jẹ́ kí òun "fọ́ọ̀mátì" rẹ̀, ẹ rọra bi í pé báwo ni fífọ́ọ̀mátì ṣe ń lé eruku kúrò nínú fáànù. Fífọ́ọ̀mátì ń pa gbogbo fáìlì rẹ́, kò sì wúlò fún iná tàbí ooru. Mo mọ ilé tó ti pàdánù àwòrán ọdún mẹ́wàá lọ́nà yìí, tí kọ̀ǹpútà náà sì ń kú lọ bó ṣe ń kú tẹ́lẹ̀.

Ẹ fi fóònù ya àwòrán nọ́ńbà ara ẹ̀rọ àti ti àwọn ohun tó wà nínú rẹ̀. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ jókòó tì í. Ẹ gba iye owó kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì ní kí ó dá ohun tó yọ padà fún yín. Kì í ṣe pé a ń pe ẹnikẹ́ni ní olè. Àdéhùn tó ṣe kedere ni kì í jẹ́ kí ọ̀rẹ́ bàjẹ́.

Ṣé ó wá tó àkókò láti ra òmíràn? Okùn, sọ́kẹ́ẹ̀tì, lẹ́ẹ̀, RAM, ṣájà àti bátìrì ṣeé pààrọ̀ láìsọ ẹ̀rọ nù. Bó bá jẹ́ pé bọ́ọ̀dù ńlá inú rẹ̀ ló bàjẹ́, tí owó àtúnṣe sì ju ìdajì owó irú rẹ̀ lọ lọ́jà, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ yọ háàdì dísìkì rẹ̀ tọ́jú, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó owó jọ.

Ọ̀pọ̀ ilé ni kò ní í dé ibẹ̀ rárá. Púpọ̀ nínú àìsàn yìí kò kọjá okùn tó tú, eruku, bátìrì tó darúgbó, tàbí fíríìjì tó ń bá kọ̀ǹpútà dù iná. Bí ẹ bá sì ti rí ìdí rẹ̀, iṣẹ́ kan ṣì kù tí oníṣẹ́ kankan kò lè bá yín ṣe: ẹ pe ọmọ tí wọ́n bá wí ní ọjọ́ kìíní, kí ẹ fi eruku inú fáànù yẹn hàn án, kí àgbà tó dá a lẹ́bi sì sọ fún un lójú gbogbo ilé pé ẹjọ́ náà kò dára. Lẹ́yìn náà, kí ẹ kọ́ ọ bí a ti ń fi búrọ́ọ̀ṣì nu ún, nítorí òun ni wọn yóò máa pè ní ọdún mélòó kan sí i.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Kí iná ilé wa má ṣe ṣẹ́jú o.